Bí a ṣe ń wọn kírísítálì rédíò àtijọ́: ohun tí ó yẹ kí àwọn atúnrédíò-ṣe Adó-Èkìtì mọ̀ kí wọ́n tó jù ú sí ààtàn

Bí ẹ bá rìn láti Òkèṣà dé Ìjìgbò, tí ẹ sì gba ibẹ̀ yà sí Ajílòsun ní ìlú Adó-Èkìtì, kò sí bí ẹ kò ṣe ní í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe. Ẹ óò rí àwọn tẹlifíṣàn àtijọ́, àwọn tí ẹ̀yìn wọn yọ gọ̀ǹgọ̀, tí wọ́n tò jọ síta bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Àwọn tí ń ra bàbà àti irin ní kílò ní í wá kó wọn lọ. Nínú pákó iná tí ó wà nínú wọn ni ohun kékeré kan máa ń wà, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Agolo tí ń dán ni wọ́n fi bò ó, ẹsẹ̀ wáyà méjì yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i lórí, bíi 4.433619. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kírísítálì.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń jù ú nù mọ́ pákó náà. Ẹ má bá wọn wí jù. Mítà lásán tí gbogbo wọn ní lọ́wọ́ kò lè sọ ohunkóhun nípa kírísítálì. Bí wọ́n bá fi kàn án, abẹ́rẹ́ kò ní mira, yálà ó dára ni o, tàbí ó ti fọ́ sínú. Èyí tí ó dára àti èyí tí ó ti kú, ojú kan náà ni mítà fi ń wò wọ́n. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ fi máa ń ju èyí tí ó sàn nù, tí ó sì máa ń fi èyí tí kò sàn sínú iṣẹ́ oníbàárà. Oníbàárà á san owó lẹ́ẹ̀mejì fún ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ inú ẹ̀rọ tí ń gbé ìgbì jáde, bíi wọkí-tọkí tàbí ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ni irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ wọ̀, ọ̀rọ̀ á kọjá ti owó, nítorí pé ẹ̀rọ náà lè máa sọ̀rọ̀ ní ojú ibi tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ohun tí kírísítálì jẹ́, ibi tí àwọn ti àtijọ́ ti wá, àti bí ènìyàn ṣe lè wọ̀n wọ́n dáadáa pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò gba owó ńlá.

ÒKÚTA TÍ Ó KÚN ILẸ̀ ÈKÌTÌ

Ohun tí ó wà nínú agolo kékeré yẹn kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe dígí. Òkúta ni. Òkúta tí àwọn Òyìnbó ń pè ní quartz ni wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Sílíkónì àti ọ́síjìn ni ó para pọ̀ di òkúta yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Èkìtì rárá. Òun ló pọ̀ jù nínú àwọn òkè gbọọrọ tí ó na láti agbègbè Iléṣà dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òun náà ni òkúta tí omi gbígbóná Ìkògòsì ń gba àárín rẹ̀ tú jáde. Ní Ìjerò-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń wa àwọn òkúta iyebíye bíi tourmaline, quartz wà níbẹ̀ nínú àpáta kan náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ǹjẹ́ a kò lè bu òkúta Ẹ̀fọ̀n kí a fi ṣe kírísítálì rédíò? Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta òkè Ẹ̀fọ̀n jẹ́ àkójọpọ̀ hóró quartz kéékèèké tí kò níye, tí oníkálukú wọn kọjú sí ibi tí ó wù ú. Iná tí hóró kan bá mú wá, òmíràn á pa á rẹ́. Odidi òkúta kan ṣoṣo tí gbogbo inú rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà, tí ó mọ́ gaara, tí kò ní ẹ̀là nínú, ni iṣẹ́ rédíò ń fẹ́. Ilẹ̀ Brazil ni irú rẹ̀ ti pọ̀ jù láyé Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń kó o. Láti bí ọdún 1950 síwájú ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná àti agbára ìtẹ̀ hù ú nínú ìkòkò irin, èyí ni wọ́n sì ń lò fún ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kírísítálì òde òní.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ìlú Paris, Jacques àti Pierre Curie, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàwárí àṣírí òkúta yìí lọ́dún 1880. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá tẹ quartz tàbí tourmaline mọ́lẹ̀, iná mànàmáná díẹ̀ á yọ lójú rẹ̀. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi hàn pé òdì kejì rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́, pé bí a bá fi iná sí i, òkúta náà á sún kì tàbí kí ó nà. Bí iná náà bá ń lọ tí ó ń bọ̀ kíákíá, òkúta á máa gbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Walter Cady ní Amẹ́ríkà ló sì lo ìgbọ̀n yìí lọ́dún 1921 láti mú ẹ̀rọ rédíò dúró sí ojú kan tí kò fi ní í máa yẹ̀. Lọ́dún 1927, Warren Marrison ní ilé ìwádìí Bell fi ṣe aago. Aago ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa wọ̀ báyìí, quartz ló wà nínú rẹ̀, ìgbà 32,768 ló sì ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Iye ìgbà tí ó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yìí ni àwọn onírédíò ń pè ní fíríkúẹ́ńsì, hertz sì ni wọ́n fi ń kà á. Bí òkúta náà ṣe fẹ́lẹ́ tó ni fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ṣe máa ń ga tó. Fún irú gígé tí wọ́n ń pè ní AT, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1934, ẹ fi 1,660 pín fíríkúẹ́ńsì tí ẹ ń fẹ́ ní kHz, kí ẹ wá fi ìdáhùn náà pín 1: ìwọ̀n sísanra òkúta ní mílímítà nìyẹn. Òkúta tí yóò gbọ̀n ní 7,000 kHz kò ní ju 0.24 mílímítà lọ. Ẹ wo bí ó ti fẹ́lẹ́ tó, kí ẹ má sì ṣe yà yín lẹ́nu pé ó máa ń fọ́.

ÀWỌN TI ÀTIJỌ́ ÀTI BÍ WỌ́N ṢE RÍ

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù tí ènìyàn lè bá pàdé. Èkínní ni èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń pè ní FT-243, àpótí dúdú kékeré tí wọ́n fi bakelite ṣe, tí ó ní ẹsẹ̀ irin méjì tí ó nípọn. Ìdè irin mẹ́ta ni wọ́n fi dé e. Inú rẹ̀ ni òkúta wà láàárín pẹlẹbẹ irin méjì, tí sípíríìnì kan sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Òun ni wọ́n lò nínú BC-611, rédíò àgbélọ́wọ́ tí ilé iṣẹ́ Galvin, tí ó di Motorola lẹ́yìn náà, ṣe fún ogun. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù irú kírísítálì yìí ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 1942 sí 1945, wọ́n sì tà wọ́n ní ọ̀pọ̀ lẹ́yìn ogun, tí wọ́n fi tàn káàkiri ayé. Èkejì ni HC-6/U, agolo irin ńlá tí wọ́n jó dé pa, tí ó wà nínú rédíò ọlọ́pàá, ti ọkọ̀ òkun àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta ni agolo kékeré ti inú tẹlifíṣàn. Ní Nàìjíríà, tí ó jẹ́ pé ọ̀nà PAL ni a fi ń wo àwòrán aláwọ̀, 4.433619 MHz ni ó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà orí rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló kún Adó. Kò sí tẹlifíṣàn aláwọ̀ àtijọ́ kan tí kò ní ó kéré tán ọ̀kan nínú.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ní ìtàn kan tí ó yẹ kí a sọ, nítorí pé òun ló fi hàn ìdí tí ènìyàn kò fi gbọdọ̀ gba nọ́ńbà orí kírísítálì gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn ológun Amẹ́ríkà rí i pé kírísítálì tí wọ́n wọ̀n tí ó pé ní ilé iṣẹ́, bí ó bá fi dé ojú ogun lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ á ti yẹ̀, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní í gbọ̀n mọ́ rárá. Wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé lílọ̀ tí wọ́n lọ òkúta náà ló fi eruku àti hóró quartz tí ó ti là sílẹ̀ lójú rẹ̀. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti kàn án, hóró wọ̀nyẹn á máa ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dáwọ́ lílọ̀ dúró kí ó tó dé ojú nọ́ńbà, wọ́n sì fi ásíìdì jẹ ìyókù. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú àtúnṣe yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn títí di òní.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn onírédíò àdáṣe ìgbà náà máa ń ṣí FT-243 fúnra wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ga sí i, wọ́n á fi ìyẹ̀fun líle lọ̀ ọ́ díẹ̀ lórí dígí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó wálẹ̀, wọ́n á fi pẹ́ńsù kun ojú rẹ̀. Nọ́ńbà ara àpótí kò yí padà, ohun inú rẹ̀ ló ti yí padà.

NỌ́ŃBÀ MẸ́RIN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ ṣírò nípa kírísítálì, wọ́n máa ń fi wé ohun mẹ́ta tí a so mọ́ra ní títẹ̀lé ara wọn: kọ́ìlì, kapásítọ̀ àti rẹ̀sísítọ̀. Kapásítọ̀ kẹrin tún wà tí ó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwòṣe yìí ni wọ́n fi orúkọ Butterworth àti Van Dyke pè. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kò sí kọ́ìlì kankan nínú agolo náà o. Wíwúwo òkúta ló ń hùwà bíi kọ́ìlì, rírọ̀ rẹ̀ ló ń hùwà bíi kapásítọ̀, ohun tí ó ń jẹ agbára rẹ̀ ló sì ń hùwà bíi rẹ̀sísítọ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló jẹ́ kapásítọ̀ ní tòótọ́, nítorí pé irin méjì tí ó kọjú sí ara wọn ni.

A óò pe ti kọ́ìlì ní Lm, ti kapásítọ̀ ní Cm, ti rẹ̀sísítọ̀ ní Rm, ti ẹ̀gbẹ́ ní Co. Nínú mẹ́rin yìí, Rm ni atúnrédíò-ṣe ní láti kọ́kọ́ bìkítà fún. Òun ló ń sọ bóyá ara kírísítálì yá. Bí ó bá kéré, ara rẹ̀ yá. Bí ó bá pọ̀ jù, ìdọ̀tí ti wọ inú rẹ̀, tàbí òkúta ti là, tàbí irin tí ó dì í mú ti ń tú.

Àmì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Q. Ẹ wo agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti páànù òrùlé. Bí ẹ bá lu páànù, á dún gbà, ó parí. Bí ẹ bá lu agogo, á máa ké lọ. Q ni ìwọ̀n bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dákẹ́. Kọ́ìlì àti kapásítọ̀ lásán nínú rédíò kì í sábà kọjá Q 200 tàbí 300. Kírísítálì agolo tẹlifíṣàn tí ara rẹ̀ dá máa ń kọjá 100,000.

BÍ A ṢE Ń WỌ̀N ỌN

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ yìí gba sígínà jẹnẹrétọ̀, èyí tí kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo wa fi ń sá fún òkùnkùn o, bí kò ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣe ìgbì kékeré tí a lè yí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀. Ó tún gba ẹ̀rọ tí ń ka fíríkúẹ́ńsì àti mítà tí ó lè wo ìgbì rédíò. Inú yàrá ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ gíga ni irú wọn máa ń wà. Láti nǹkan bí ọdún 2019 ni nǹkan ti rọrùn, nígbà tí ẹ̀rọ kékeré tí ń jẹ́ NanoVNA, tí onímọ̀ ará Jàpáànù kan kọ́kọ́ ṣe, gba ayé kan. Kò ju fóònù lọ, bátìrì ló ń lò, ojú rẹ̀ sì ń fi àwòrán hàn. Ti bátìrì yìí kì í ṣe ohun kékeré ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé ariwo iná jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé lè ba ìwọ̀n jẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ so kírísítálì sáàárín ẹnu méjèèjì NanoVNA pẹ̀lú wáyà kúkúrú gan-an, kí ìgbì wọlé láti ọ̀kan, kí ó gba inú kírísítálì jáde sí èkejì. Ẹ kọ́kọ́ fi wáyà lásán dípò kírísítálì kí ẹ fi ṣètò ẹ̀rọ náà, kí ó lè mọ ohun tí òdo jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò fi kírísítálì síbẹ̀, tí ẹ óò sì wá ibi tí ìgbì ti gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa jù. Ibẹ̀ ni fíríkúẹ́ńsì tòótọ́ òkúta náà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣubú sí. Àmì 101 ni NanoVNA àkọ́kọ́ ń tò sójú rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ó wo láti 1 MHz dé 10 MHz, àlàfo tí ó wà láàárín àmì kan sí èkejì á jẹ́ 90,000 Hz. Ibi tí kírísítálì ti ń dáhùn kò sì fẹ̀ ju bíi 200 Hz lọ. Ẹ̀rọ á fò ó kọjá, ẹ óò sì rò pé kírísítálì ti kú. Ẹ ní kí ó wo kìkì 10 kHz ní àyíká nọ́ńbà tí a kọ sórí agolo, kí ẹ tún wá dín in kù sí 1 kHz nígbà tí ẹ bá ti rí òkè náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a mú kírísítálì tẹlifíṣàn kan tí a kọ 4.433619 MHz sí lórí, tí NanoVNA sì fi hàn pé 4,432,300 Hz ni ó ti dáhùn. Ìgbì tí ó sọnù níbẹ̀ jẹ́ 1.58 dB. Ẹnu ẹ̀rọ náà jẹ́ 50 ómù ní apá méjèèjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Bí a bá pín 1.58 sí 20, tí a sì gbé 10 sí agbára ìdáhùn náà, 1.2 ni a óò rí. Ẹ yọ 1 kúrò, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: Rm jẹ́ 20 ómù. Ara rẹ̀ yá gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ̀tún àti òsì òkè náà, níbi tí ìgbì ti fi 3 dB wálẹ̀ sí i ní apá kọ̀ọ̀kan. Ká ní àárín méjèèjì jẹ́ 213 Hz. Ẹ ro 100 ti ẹ̀rọ mọ́ 20 ti kírísítálì, ó di 120, kí ẹ pín in sí 6.283 lọ́nà 213. Lm jẹ́ nǹkan bí 0.0897 hẹ́ńrì, ìyẹn 89.7 mH. Láti inú Lm àti fíríkúẹ́ńsì ni Cm ti ń jáde, á sì jẹ́ nǹkan bí 14.4 fF. Kí ó lè yé wa bí ó ti kéré tó, 1,000 fF ló wà nínú 1 pF, 1 pF gan-an sì ni kapásítọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré jù nínú àpótí oníṣẹ́. Q rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 125,000. Bí a bá ta á jí tí a sì fi í sílẹ̀, á gbọ̀n tó ìgbà 40,000 kí agbára ìró rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ sí díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ti Co ló rọrùn jù. Mítà kapásítọ̀ lásán á kà á, nítorí pé níbi tí ó jìnnà sí fíríkúẹ́ńsì òkúta, kírísítálì kò yàtọ̀ sí kapásítọ̀ kékeré. Ká ní ó jẹ́ 4 pF.

Ẹnìkan á ti máa sọ pé nọ́ńbà tí a wọ̀n kéré sí ti orí agolo, ó fi 1,319 Hz kéré sí i, nítorí náà kírísítálì yìí ti yẹ̀. Ẹ dúró ná. Nọ́ńbà orí agolo kì í ṣe ti kírísítálì nìkan. Ohun tí yóò jẹ́ ni bí ó bá wà nínú tẹlifíṣàn pẹ̀lú kapásítọ̀ tí àwọn tí ó ṣe é ti fọkàn sí, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ 20 pF fún irú èyí. Fún ọ̀pọ̀ kírísítálì ológun àtijọ́, 32 pF ni. Ẹ sọ fíríkúẹ́ńsì di ìlọ́po Cm, kí ẹ pín in sí ìlọ́po méjì àpapọ̀ Co àti 20 pF. Nǹkan bí 1,330 Hz ni ẹ óò rí. Kírísítálì náà kò yẹ̀ rárá, a kàn ń bi í ní ìbéèrè mìíràn ni. Mélòó ni wọ́n ti sọ nù nítorí ìṣìnà yìí!

Ẹni tí kò bá ní NanoVNA lè lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní G3UUR, àmì ìpè onírédíò àdáṣe kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tíránsítọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń mú kírísítálì gbọ̀n, tí ẹ̀rọ aka-fíríkúẹ́ńsì sì ń kà á. Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kí ẹ wá fi kapásítọ̀ 33 pF kan sáàárín, kí ẹ tún kà á. Fún kírísítálì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, fíríkúẹ́ńsì á fi nǹkan bí 860 Hz gòkè, láti inú èyí ni a sì ti lè ṣírò Cm tí Lm yóò fi jáde. Ọ̀nà yìí kò sọ Rm fún wa, ó sì jẹ́ àfojúdá díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó gbà wà nínú ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní Adó, àyàfi aka-fíríkúẹ́ńsì.

KÍRÍSÍTÁLÌ TÍ Ó Ń SÙN

Àrùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ti àtijọ́, àwọn onímọ̀ sì ń pè é ní oorun. Kírísítálì tí kò ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, bí a bá fi ìgbì kékeré sí i, Rm rẹ̀ á pọ̀ jáì, bí ẹni pé ó ti kú. Bí a bá fi agbára kún ìgbì náà díẹ̀, á ta jí, Rm á já wálẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ bí èwe. Eruku tàbí ìdọ̀tí kékeré ló sábà máa ń fà á. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ní agbára kékeré àti ní agbára tí ó ga díẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà sí ara wọn, ẹ má fi í sínú iṣẹ́ oníbàárà, nítorí pé ó lè tún sùn padà lọ́jọ́ tí wọn kò retí.

Ṣùgbọ́n àgbára kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Ìgbì tí ó ń jáde láti inú NanoVNA kò tó 1 mílíwáàtì, kò lè pa kírísítálì agolo lára. Ti aago ọwọ́ nìkan ni kí ẹ má ṣe dán wò lọ́nà yìí. Ohun tí ó lè gbà kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílíwáàtì lọ, ó sì lè ṣẹ́ sínú agolo rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró.

Fún FT-243, ìtọ́jú wà. Ọ̀rinrin àkókò òjò wa máa ń wọ inú rẹ̀, nítorí pé rọ́bà ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n jó o pa. Ẹ tú ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe to ohun inú rẹ̀, kí ẹ di òkúta náà mú ní etí nìkan, kí ẹ fi omi ọṣẹ tàbí spirit fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé òun fẹ́ fi ásíìdì jẹ ẹ́ bí àwọn ológun ti ṣe. Ásíìdì tí ń jẹ quartz máa ń gba ara wọlé lọ bá egungun, ó ti pa ènìyàn rí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kan kírísítálì, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé ooru ọwọ́ nìkan tó láti sún fíríkúẹ́ńsì rẹ̀.

TA NI Ó WÚLÒ FÚN?

Ilé iṣẹ́ rédíò òde òní kì í lo kírísítálì ọ̀tọ̀ fún ojú tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo, bíi ti 10 MHz, ni ẹ̀rọ wọn fi ń ṣe òṣùwọ̀n, tí wọ́n sì ń ṣírò ìyókù láti ara rẹ̀. Ẹ má rò pé èyí dín ewu kù. Bí ti òṣùwọ̀n bá fi 100 Hz péré yẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ń sọ̀rọ̀ ní 91.5 MHz á fi 915 Hz yẹ̀. Nítorí náà ni ẹni tí ó bá ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe kò fi gbọdọ̀ yọ kírísítálì láti inú pákó àtijọ́ kí ó kàn tì í bọ ibẹ̀ láìwọ̀n ọ́n. Kò sí òfin tí ó ní kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kí ó tó wọn kírísítálì lórí tábìlì rẹ̀. Gbígbé ìgbì jáde sójú ọ̀run ni ó gba ìwé àṣẹ: àjọ NBC ló ń fún àwọn ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, àjọ NCC ló ń fún àwọn onírédíò àdáṣe.

Lójú tiwa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀lẹ́tíróníìkì ní Federal Polytechnic Adó-Èkìtì àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni iṣẹ́ yìí yẹ jù. Kírísítálì tẹlifíṣàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí ìwọ̀n wọn súnmọ́ra tó láti ṣe asẹ́ inú rédíò ìgbì kúkúrú, èyí tí yóò jẹ́ kí ohùn ẹnìkan wọlé, tí yóò sì ti ohùn aládùúgbò rẹ̀ síta. Ní ọjà, owó gidi ni irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìdí àkìtàn tẹlifíṣàn, ọ̀fẹ́ ni, bí a bá yọ òógùn ẹni tí yóò wọ̀n wọ́n kúrò. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ ni pé ènìyàn lè ní láti wọn ogún kí ó tó rí mẹ́fà tí fíríkúẹ́ńsì wọn kò fi ju 50 Hz lọ sí ara wọn.

Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ó wá àpò ìwé kéékèèké. Bí ó bá ti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi í sínú àpò tirẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà orí agolo sára rẹ̀, fíríkúẹ́ńsì tí ó wọ̀n, Rm, Lm àti Co, pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà. Pẹ́ńsù ni kí ó fi kọ ọ́, nítorí pé ní ọdún tí ń bọ̀, nígbà tí ó bá tún wọ̀n wọ́n, díẹ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà á ti yí padà.